Ọmọdé Tí Ń Bá Ẹgbẹ́ Àgbà Ṣeré: Òfin Ọjọ́ Orí Nínú Eré Ìdárayá Ilé-Ìwé

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé ìròyìn kọ́lẹ́ẹ̀jì wa yìí jẹ́ ọ̀rọ̀ tí yóò kan gbogbo yín, yálà ẹ ti Gánà wá, tàbí Nàìjíríà, tàbí Tógò, tàbí Bẹ̀nẹ̀. Bí ẹ bá ti parí ẹ̀kọ́ yín, tí a sì gbé yín lọ sí ilé-ìwé, kò ní pẹ́ tí hẹ́ẹ̀dímásítà yóò fi fa bọ́ọ̀lù àti fèrè lé yín lọ́wọ́. Ẹni tí kò gbá bọ́ọ̀lù rí láyé rẹ̀ pàápàá, bí ó bá jẹ́ pé òun ni ó kéré jù lọ láàárín àwọn olùkọ́, òun ni wọn yóò fi ṣe alákòóso eré. Láti ọjọ́ náà lọ ni ẹjọ́ yóò ti máa wá bá a. Èyí tí ó sì máa ń le jù lọ nínú àwọn ẹjọ́ náà ni ti ọmọ kékeré tí ó mọ bọ́ọ̀lù gbá ju àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Ẹgbẹ́ àwọn ọmọdé ń fẹ́ ẹ, ẹgbẹ́ àwọn àgbà náà ń fẹ́ ẹ. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí ó gbá a fún méjèèjì? Bí ó bá bá àwọn àgbà gbá a lónìí, ǹjẹ́ ó lè padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọdé lọ́la? Ta ni yóò sì sọ fún un pé ó tó gẹ́ẹ́?

Àdúgbò Lagos Town ní ìlú Àkrà ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Accra New Town ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé lónìí, ṣùgbọ́n ẹnu àwọn àgbà wa kò tíì kúrò lára orúkọ àtijọ́ náà, èyí tí ó wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ará Èkó àti àwọn ọmọ Yorùbá mìíràn tí wọ́n tẹ̀dó síbẹ̀. Nítòsí ọjà Mallam Atta, kò sí ìrọ̀lẹ́ kan tí ènìyàn kò ní bá àwọn ọmọ nídìí bọ́ọ̀lù. Ọmọ Gá, ọmọ Haúsá, ọmọ Éwè, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, gbogbo wọn a dà pọ̀. Níbẹ̀, kò sí ẹni tí ń béèrè ọjọ́ orí. Ọmọ ọdún 10 a máa bá ẹni ogún ọdún du bọ́ọ̀lù láìsí ẹjọ́ kankan. Ìgbà tí eré bá di ti ilé-ìwé, tí ife-ẹ̀yẹ sì wà lórí tábìlì, ni ọjọ́ orí ń di ọ̀ràn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ òfin náà wò bí ó ti rí. Òfin tí gbogbo ayé mọ̀ dà bí àjà ilé: ó ń sọ ibi tí orí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọjá. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni a fi ń là á. Nínú ìdíje àgbáyé ti àjọ FIFA fún àwọn ọmọ ọdún 17, èyí tí wọ́n gbá ní Qatar ní ọdún 2025, ọmọ tí a bí ní ọjọ́ 1 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2008 lè wọlé. Ọmọ tí a bí ní ọjọ́ kan péré ṣáájú rẹ̀ kò lè wọlé. Ìdí rèé tí àwọn onímọ̀ fi ṣàkíyèsí pé nínú ẹgbẹ́ àwọn ọmọdé ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, àwọn tí a bí ní oṣù àkọ́kọ́ ọdún ni wọ́n máa ń pọ̀ jù. Wọ́n fi nǹkan bí oṣù mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá dàgbà ju àwọn tí a bí ní ìparí ọdún, àwọn tí ń yan ọmọ sì rò pé ọgbọ́n bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń wò nígbà tí ó jẹ́ pé gíga ni. Ẹ̀yin tí ẹ ti Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ wá ti mọ minimes, cadets àti juniors láti kékeré. Ọgbọ́n kan náà ni, orúkọ ni ó yàtọ̀. Ní Àkrà níbí, ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ni àwọn ọmọ ilé-ìwé láti oríṣiríṣi ilẹ̀ Áfíríkà ti pàdé fún àṣekágbá ìdíje bọ́ọ̀lù ilé-ìwé ti àjọ CAF, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ọdún 15 sì ni àjà ibẹ̀.

Nínú eré pápá, irin fúnra rẹ̀ ni ó ń fi ìyàtọ̀ hàn. Ọmọkùnrin tí kò tíì pé ọdún 18 ń ju irin oníkílò 5. Ẹni tí kò tíì pé ogún ọdún ń ju oníkílò 6. Àgbàlagbà ń ju èyí tí ó wọn kílò 7.26. Kò sí olùkọ́ tí yóò gbé irin àgbà fún ọmọdé kí ó má fura pé ohun kan ń ṣẹlẹ̀. Bọ́ọ̀lù kò ní irú àmì bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà 5 kan náà ni ọmọ ọdún 13 àti ẹni ọdún 19 ń gbá, nítorí náà ewu rẹ̀ kì í hàn sójú.

Kí òfin ọjọ́ orí tó lè ṣiṣẹ́, a gbọ́dọ̀ mọ ọjọ́ orí. Ní ilẹ̀ wa, èyí kò fi gbogbo ìgbà rọrùn. Àwọn bàbá wa tí wọ́n lọ sí ilé-ìwé láyé àwọn òyìnbó yóò sọ fún yín bí wọ́n ṣe gbà wọ́n wọlé: ọmọ yóò gbé ọwọ́ ọ̀tún kọjá lórí, bí ìka rẹ̀ bá kan etí òsì, ó ti tó ọmọ ilé-ìwé nìyẹn. Ọmọ tí apá rẹ̀ gùn a di ọmọ ọdún 6 ní ọjọ́ kan. Ọmọ tí apá rẹ̀ kúrú a dúró de ọdún tí ń bọ̀. Olùkọ́ a sì kọ ọdún ìbí sínú rẹ́jísítà bí ó bá ti wù ú. Ní Lagos Town, ohun mìíràn tún dà á rú. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Dókítà Busia pàṣẹ pé kí àjòjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó jáde ní Gánà. Ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá di ẹrù wọn, wọ́n sì padà sílé, àwọn ọmọ tí a bí ní Àkrà sì bá ara wọn ní ilé-ìwé ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìnísà àti Èjìgbò. Ẹni tí ń sá kó ẹrù kì í kọ́kọ́ rántí ìwé ọjọ́ ìbí. Mo mọ àwọn àgbà tí wọ́n ní ọjọ́ orí méjì títí di òní, ọ̀kan ní Gánà, ọ̀kan ní Nàìjíríà, tí wọn kò sì fi èyíkéyìí ṣe irọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe irọ́, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ọmọ tí ń ṣeré ní ipele méjì ti kọ́kọ́ di ọ̀rọ̀ àgbáyé fún wa. Nígbà tí Nàìjíríà kó àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ lọ sí Òlíḿpíìkì ọdún 1988, àjọ FIFA rí i pé ọjọ́ ìbí àwọn mẹ́ta nínú wọn kò bá èyí tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ nínú ìdíje ìṣáájú mu. Kò sí ẹni tí ó wọn egungun wọn, kò sí ẹni tí ó pe ìyá wọn wá jẹ́rìí. Ìwé ipele kan ni ó tako ìwé ipele kejì. Wọ́n lé Nàìjíríà jáde nínú gbogbo ìdíje àwọn ọ̀dọ́ fún ọdún méjì, wọ́n sì gba ìdíje àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ ti ọdún 1991 kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí Pọtogí. Ẹ ronú nípa ọmọ tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 16 ní tòótọ́ ní ọdún 1989, tí kò purọ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti gbóná. Nígbà tí ìyà náà parí, ó ti dàgbà kọjá ipele rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń wá ohun tí ó lè sọ òótọ́ ju ìwé lọ. Ní ọdún 2009, nígbà tí ìdíje àwọn ọmọ ọdún 17 wáyé ní Nàìjíríà, FIFA bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ MRI ya àwòrán ọrùn ọwọ́ àwọn ọmọ náà. Níbi tí egungun apá ti pàdé ọwọ́, kèrékèré kan wà níbẹ̀ tí egungun fi ń gùn sí i. Bí ọmọ bá ti ń di géńdé, kèrékèré yìí yóò máa di egungun díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi lẹ̀ pọ̀ pátápátá, kò sì wọ́pọ̀ kí èyí ṣẹlẹ̀ kí ènìyàn tó pé ọdún 17. Ẹ̀rọ náà kò sọ ọjọ́ ìbí ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó ń sọ kò ju pé èyí ti kọjá àjà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ni a gbọ́ pé mọ́kànlélógún nínú ọgbọ̀n ọmọ tí Kamẹrúùnù ṣà jọ fún ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ọdún 17 ni wọ́n kùnà ìdánwò náà. Ilé-ìwé wa kò lówó irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, èmi kò sì rò pé a nílò rẹ̀.

Gbogbo ohun tí mo ti sọ títí di ìsinsìnyí, ọ̀ràn àgbà tí ń sá wọ àárín ọmọdé ni. Òfin wa mọ ọ̀ràn yìí, ó sì ń ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n òfin tí ó jẹ́ àjà kò ní ohunkóhun í sọ nípa ọmọdé tí a gbé sáàárín àgbà. Ọmọ ọdún 13 kò kọjá àjà ọdún 15, kò kọjá ti 17, kò sì kọjá ti àgbà tí kò ní àjà rárá. Gbogbo ilẹ̀kùn ni ó ṣí sílẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ rò pé ibi tí kò bá ti sí ẹ̀tàn, kò sí ọ̀ràn níbẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe pé gígun òkè burú. Nígbà tí Nàìjíríà gba ife Áfíríkà ní Èkó ní oṣù kẹta ọdún 1980, Henry Nwosu, ọmọ St. Finbarr's College ní Àkókà, kò tíì pé ọdún 17, òun ni ó sì kéré jù nínú ẹgbẹ́ náà. Samuel Kuffour wà nínú ẹgbẹ́ Gánà tí ó gba ife àgbáyé àwọn ọmọdé ní Ítálì ní ọdún 1991. Ní ọdún kejì, ó tẹ̀lé ẹgbẹ́ Òlíḿpíìkì lọ sí Barcelona, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ lo àjà ọdún 23, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ idẹ kí ó tó pé ọdún 16. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kán. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún ọdún púpọ̀ ní Bayern Munich, ó sì gba ife Yúróòpù níbẹ̀ ní ọdún 2001.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo àwọn ọmọ Tẹ́mà méjì. Nii Lamptey ni wọ́n pè ní agbábọ́ọ̀lù tí ó dára jù lọ ní Ítálì ní ọdún 1991 náà. Láàárín ọdún méjì sí ìgbà náà, ó ti gbá a fún ẹgbẹ́ àwọn ọmọdé, ó ti gbá a fún ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́, ó ti wà nínú ẹgbẹ́ Òlíḿpíìkì, ó ti wọ aṣọ ẹgbẹ́ àgbà Gánà, ó sì ti ń ṣiṣẹ́ fún Anderlecht ní Bẹ́ljíọ̀mù. Freddy Adu, tí ó bá ìyá rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà, gbá a ní ìdíje àgbáyé ti ọmọ ọdún 17 àti ti ogún ọdún nínú ọdún 2003 kan ṣoṣo, ọmọ ọdún 14 sì ni nígbà náà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2004 ó ti wà láàárín àwọn àgbà tí ń fi bọ́ọ̀lù jẹun. Àwọn méjèèjì kò dé ibi tí ayé ti sọ pé wọn yóò dé. Ohun púpọ̀ ni ó fa èyí, n kò sì ní dárúkọ ọ̀kan kí n fi ṣe gbogbo rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Lamptey padà wá sílé, ó sì dá ilé-ìwé sílẹ̀ ní Àkrà. Ó yẹ kí àwa olùkọ́ ronú lé èyí dáadáa, pé ọkùnrin tí a kò jẹ́ kí ó jókòó ní kíláàsì pẹ́ títí ni ó lọ ra àga àti pátákó fún ọmọ ẹlòmíràn.

Èyí tí mo rí fúnra mi kò tóbi tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni ó là mí lójú. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọmọkùnrin kan wà ní àdúgbò wa, ọmọ ọdún 13, tí ìyá rẹ̀ ń ta ata ní ọjà. Ilé-ìwé mìíràn ni ó ń lọ, kì í ṣe èyí tí mo ti ń kọ́ni. Ó wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ọmọdé ilé-ìwé rẹ̀, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ àgbà níbẹ̀ kan náà. Ní òpin ọ̀sẹ̀, ó wà nínú ẹgbẹ́ àdúgbò tí a ń pè ní colts ní Gánà, èyí tí a pín sí ti ọmọ ọdún 12, ti 14 àti ti 17. Olórí ẹgbẹ́ náà ń lò ó fún ti 14 ní òwúrọ̀, ó sì ń lò ó fún ti 17 ní ìrọ̀lẹ́. Orúnkún ọ̀tún ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Egungun kan yọ gọnbọ sísàlẹ̀ orúnkún rẹ̀, ó sì ń tiro bí ó bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Ìyá rẹ̀ ní kí n bá òun pè wọ́n. Mo pe àwọn olùkọ́ méjèèjì àti olórí ẹgbẹ́ àdúgbò. Olùkọ́ àwọn ọmọdé ní òun kò lò ó ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ. Olùkọ́ ẹgbẹ́ àgbà ní ẹ̀ẹ̀mejì péré ni òun. Olórí colts ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni tèmi, ṣùgbọ́n eré àwọn ọmọdé kì í gùn.” Kò sí ẹni tí ó purọ́, kò sì sí ẹni tí ó rú òfin kankan, nítorí pé olúkúlùkù ka tirẹ̀, ó sì rí i pé kò pọ̀. Mo kọ wọ́n sẹ́yìn ìwé kan, mo sì rò wọ́n pọ̀: eré 11 láàárín ọjọ́ 16. Ìyá náà wò mí, ó wò wọ́n, ó ní, “Ẹ̀yin tíṣà, ẹsẹ̀ méjì ni mo bí mọ́ ọn o. Ẹgbẹ́ mẹ́rin ni ẹ ń pín in fún.”

Nọ́ọ̀sì ní kí ó sinmi. Ó sinmi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n sì lu ẹgbẹ́ àgbà ilé-ìwé náà ní ìdíje tí ó kù díẹ̀ kí ó parí. Àwọn kan ní àdúgbò kò kí ìyá náà fún ọjọ́ bíi mélòó kan.

Ohun tí ó ṣe orúnkún ọmọ náà kì í ṣe àjèjì fún àwọn dókítà. Ní ọdún 1903 ni dókítà méjì, Osgood ní Amẹ́ríkà àti Schlatter ní Switzerland, ṣàlàyé rẹ̀, orúkọ wọn ni a sì fi ń pè é títí di òní. Nígbà tí ọmọ bá ń ga kíákíá, egungun itan àti ojúgun a máa gùn ṣáájú iṣan. Iṣan iwájú itan sì so mọ́ ibi kan nísàlẹ̀ orúnkún tí kò tíì le, tí ó ṣì jẹ́ kèrékèré. Bí ọmọ bá ń sáré, tí ó ń fò, tí ó ń ta bọ́ọ̀lù, ni iṣan náà ń fa ibẹ̀ lemọ́lemọ́, títí ibẹ̀ yóò fi wú. Bí ó bá sinmi, yóò san. Bí ìdàgbàsókè bá parí, kò tún sábà dà á láàmú mọ́. Ẹ ṣàkíyèsí pé iṣan kò mọ ẹgbẹ́ tí ọmọ ń gbá a fún. Gbogbo eré, gbogbo ìdánrawò, orí kan ṣoṣo ni ó ń gbé e lé.

Nítorí náà, ohun tí mo gbà ni pé òfin tí ń béèrè ọjọ́ orí nìkan kò tó fún ọmọ tí ń gun òkè. A gbọ́dọ̀ ka eré rẹ̀, orí ọmọ náà ni a sì gbọ́dọ̀ kà á sí, kì í ṣe orí ẹgbẹ́. Àwọn kan ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ibòmíràn. Nínú bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ní àwọn ilé-ìwé Amẹ́ríkà, a pín eré kọ̀ọ̀kan sí ìdá mẹ́rin, àwọn ìpínlẹ̀ kan sì ṣe òfin pé ọmọ tí ó wà nínú ẹgbẹ́ kékeré àti ẹgbẹ́ ńlá kò gbọdọ̀ gbá ju ìdá márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ ní ọjọ́ kan, bí ó ti wù kí ó pín in. Ó lè gbá mẹ́ta níhìn-ín, méjì lọ́hùn-ún. Iye náà ni kò gbọdọ̀ kọjá. Nínú béésìbọ́ọ̀lù àwọn ọmọdé, ohun tí wọ́n ń kà tún kéré ju ìyẹn lọ. Láti ọdún 2007 ni àjọ Little League ti ń ka iye ìgbà tí ọmọ ju bọ́ọ̀lù: ọmọ ọdún 11 tàbí 12 kò gbọdọ̀ ju ú ju ẹ̀ẹ̀márùndínláàádọ́rùn-ún lọ lóòjọ́, ọmọ tí kò tíì ju ọdún 14 lọ tí ó bá sì ju ú tó ẹ̀ẹ̀mẹ́rìndínláàádọ́rin gbọ́dọ̀ fi ọjọ́ mẹ́rin sinmi. Apá ni wọ́n ń ṣọ́.

Àwọn Faransé ní ọ̀nà tiwọn, ẹ̀yin tí ẹ ti ìlú tí wọ́n ti ń sọ èdè wọn wá lè ti gbọ́ ọ: surclassement. Ọmọ tí yóò bá àwọn tí ó jù ú lọ ṣeré gbọ́dọ̀ mú ìwé dókítà wá, bí ó bá sì jẹ́ ipele méjì ni ó fẹ́ fò, àyẹ̀wò náà yóò tún le sí i. Ní ìpínlẹ̀ New York, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, ọmọ kíláàsì keje tàbí kẹjọ tí ó bá fẹ́ wọ ẹgbẹ́ ilé-ìwé gíga gbọ́dọ̀ ní àṣẹ òbí. Dókítà yóò wo bí ara rẹ̀ ti gbó tó, yóò ṣe ìdánwò agbára, olùkọ́ yóò sì wo bí ó ti mọ eré náà tó. Mo fẹ́ràn ètò yìí nítorí ìdí kan: a bi òbí léèrè kí ọmọ tó gun òkè. Ìyá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò sẹ́ni tí ó bi í léèrè títí orúnkún fi wú.

Ọmọ mìíràn tún wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí a kì í sábà rántí, òun ni ọmọ tí ó jókòó. Ẹgbẹ́ àwọn ọmọdé gbá eré mẹ́rin láìsí ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbóná, nítorí pé ó wà lọ́dọ̀ àwọn àgbà. Ọmọ kan wà tí ó dúró ní ipò rẹ̀ ní gbogbo ìgbà náà, bóyá kò já fáfá, ṣùgbọ́n ó wá sí ìdánrawò lójoojúmọ́. Nígbà tí àṣekágbá dé, a ké sí èyí tí ó wà lókè pé kí ó sọ̀kalẹ̀ wá, ọmọ tí ó gbá mẹ́rin sì jókòó. Bẹ́ẹ̀ ni ilé-ìwé kejì, tí kò ní ọmọ tí yóò rán sókè rán sísàlẹ̀, rò pé ọmọdé ni òun ń bá gbá a. Ìdí rèé tí ọ̀pọ̀ ìdíje fi ń fi iye kan sí i: ẹni tí ó bá ti bá ẹgbẹ́ òkè gbá a tó iye báyìí kò tún lè sọ̀kalẹ̀ títí sáà yóò fi parí. Bí ó bá jẹ́ èmi ni, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni n óò fi sí. Ẹ̀ẹ̀kan kéré jù, nítorí ọmọ lè gun òkè ní ọjọ́ tí àwọn àgbà ń ṣàìsàn, kò sì yẹ kí a fi oore tí ó ṣe dí ọ̀nà mọ́ ọn. Márùn-ún ti pọ̀ jù ní ilé-ìwé tí kì í gbá ju eré mẹ́jọ lọ ní sáà kan.

Ẹnìkan lè sọ pé kí a fi kíláàsì ṣe òdiwọ̀n, kí a yé dààmú nípa ọjọ́ orí. Ìyẹn lè dára níbi tí gbogbo ọmọ ti ń bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé ní ọjọ́ orí kan náà. Ní Lagos Town, ọmọ mìíràn ti kọ́kọ́ jókòó ní ilé kéwú fún ọdún mẹ́ta; ọmọ mìíràn ti ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ lọ́jà; ọmọ mìíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé, a sì dá a padà sí kíláàsì ìsàlẹ̀ nítorí èdè. Nínú kíláàsì kan ṣoṣo ní JHS, mo ti rí ọmọ ọdún 12 àti ẹni ọdún 17 lórí àga kan. Ọjọ́ orí ni kí a fi ṣọ́ ara. Kíláàsì ni kí a fi ṣọ́ àkókò, pàápàá fún àwọn tí ìdánwò BECE kù sí dẹ̀dẹ̀ fún.

Bí ẹ bá dé ilé-ìwé yín, ẹ ra ìwé aláwọ̀ líle kan, owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Ojú ewé kan fún ọmọ kan. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́ ìbí rẹ̀ àti ibi tí ẹ ti rí ọjọ́ náà, yálà ìwé ìbí, ìwé ìsàmì, tàbí ẹnu ìyá rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹnu ìyá rẹ̀ ni, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe yí ọjọ́ náà padà mọ́ láti ìdíje dé ìdíje. Sísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ máa kọ gbogbo eré tí ó bá gbá, ti ilé-ìwé àti ti àdúgbò, pẹ̀lú ọjọ́ àti ìṣẹ́jú. Ti àdúgbò ni yóò fún yín ní wàhálà, nítorí pé olórí colts kì í ṣe ọmọ-abẹ́ yín. Ọmọ fúnra rẹ̀ ni kí ẹ bi ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, yóò sọ fún yín tayọ̀tayọ̀, pàápàá bí ó bá gbá góòlù wọlé. Ọjọ́ méjì ó kéré tán láàárín eré kan àti èkejì ni èmi ń fi sílẹ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15, ibi yòówù kí eré náà ti wáyé.

Ohun kan kù tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń bi mí: ọmọ tí a kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé adájọ́ eré pé ó wà lára àwọn arọ́pò, tí ó sì jókòó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ṣé ó ti gun òkè? Ìdíje kan lè ka orúkọ, ìdíje mìíràn lè ka ẹsẹ̀ tí ó kan pápá. Ẹsẹ̀ ni èmi fara mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú méjì. Ṣùgbọ́n èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí gbogbo àwọn olùkọ́ tí ọ̀ràn kàn sì fọwọ́ sí i kí a tó gbá eré àkọ́kọ́, nítorí pé bí ó bá di ọ̀sẹ̀ àṣekágbá, kò sí ilé-ìwé kan tí yóò gbà pé ohun tí ẹ sọ ni ẹ sọ.